Ta Ló Kọ́ Wa Ní Ìpínrọ̀?

 

Ẹ ó rántí pé ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì gbé orí kìíní iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sórí WhatsApp wa. Ìtàn ìlú wa ló ń kọ. Olùkọ́ rẹ̀ ti fi bírò pupa béèrè ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé kejì pé, kí ni kókó ohun tí ò ń sọ gan-an? Orí ìkànnì wa gbóná lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní olùkọ́ yẹn kì í ṣe ọmọ agbègbè wa, pé kò lè mọ iyì ìtàn wa. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí yunifásítì. Èmi náà fi ọ̀rọ̀ gbígbóná kan síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìgbà tí mo wá jókòó ka iṣẹ́ ọmọ náà fúnra mi láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ojú tó tì mí. Òótọ́ ni olùkọ́ náà sọ.

Ojú ìwé mẹ́rin ni ọmọ náà kọ láìdánu dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ifẹ̀, ó dé orí babańlá wa tó jẹ́ ọdẹ, ó yà sídìí èèwọ̀ ọba, ó bọ́ sórí ogun, ó ka ọba mẹ́jọ tẹ̀lé ara wọn, ó tún padà sídìí ọdẹ, ó wá parí rẹ̀ sórí bí ọjà ṣe kúrò níwájú ààfin lọ sẹ́bàá títì. Mi ò rí irọ́ kankan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ bàbá àgbà kan ló ń sọ ọ́ fún wa lábẹ́ igi odán, a ó máa mi orí ni, a ó tiẹ̀ tún ra ẹmu fún un. Ṣùgbọ́n lórí bébà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, níwájú ẹni tí kò dé ìlú wa rí, kò sí ibi tí olúwarẹ̀ máa fọwọ́ dì mú.

Mo pe ọmọ náà lórí fóònù. Mo ní kó má bínú sí olùkọ́ rẹ̀, ìpínrọ̀ ni kò sí nínú iṣẹ́ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá ní, "Bọ̀dá, láti prámárì ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ká pín àròkọ sí ìpínrọ̀. Ìka méjì ni mo máa ń fi wọn ẹ̀gbẹ́ ìwé kí n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn ò sọ ohun tí ìpínrọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ fún wa. Ta ló tiẹ̀ kọ́ wa ní nǹkan yìí?" Ìbéèrè yẹn ló fi bírò lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ fún yín, kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ọ̀rọ̀. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ kì í fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì nínú ìwé wọn. Lẹ́tà á kàn máa tọ lẹ́tà bí ìjàlọ tó ń ṣí lọ ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yí padà, wọ́n á fa ìlà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ìlà yẹn ni wọ́n ń pè ní paragraphos, ohun tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, àwọn adàwékọ ilẹ̀ Yúróòpù ń fi yíǹkì pupa ya àmì kan báyìí, ¶, síbi tí ọ̀rọ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, àwọn atẹ̀wé á fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó ń ya àmì pupa lè ráyè yà á. Ìwé wá ń pọ̀, ayàmì ò ká a mọ́, àyè òfìfo nìkan ló ṣẹ́ kù. Àyè yẹn náà ni ọmọ wa ń fi ìka méjì wọ̀n. Ṣé ẹ rí i, nǹkan ojú ni ìpínrọ̀ kọ́kọ́ jẹ́. Àmì ni, kó má bàa rẹ òǹkàwé.

Ẹni tó sọ ọ́ di òfin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexander Bain, ará Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland. Ọdún 1818 ni wọ́n bí i. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Bain nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀, tó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Ó ń fúnra rẹ̀ kàwé, títí ó fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Aberdeen ní 1860. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn pọ̀: kó kọ́ wọn ní ọgbọ́n àròjinlẹ̀, kó sì tún kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má gbàgbé pé ní apá ibẹ̀ yẹn, èdè Scots ni àwọn ará oko ń sọ nínú ilé. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé kì í ṣe èdè ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe tiwa. Bain ní láti wá ohun tí ọmọ àgbẹ̀ lè dì mú tí yóò fi kọ̀wé táyé yóò gbọ́.

Ní 1866 ó gbé ìwé kan jáde lórí ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì. Nínú rẹ̀ ló ti to òfin mẹ́fà kalẹ̀ fún ìpínrọ̀. Ó ní kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan so mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí òǹkàwé má máa fo kòtò. Ó ní kí gbólóhùn àkọ́kọ́ fi ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé hàn. Ó ní kókó kan ni kí ìpínrọ̀ ní, kó má máa ya ilé onílé. Ó ní bí ọ̀rọ̀ méjì bá ń ṣiṣẹ́ kan náà, kí ìrísí wọn jọra. Kí wọ́n to ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀lé ara. Kí ohun tó wá ran kókó lọ́wọ́ má sì gorí kókó. Èmi tí màmá mi fi òfì tọ́ dàgbà, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ọmọ ahunṣọ ló to òfin yìí. Ẹni tó bá ti jókòó ti òfì rí mọ̀ pé a kì í hun agbádá lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ là ń hun ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á pé fúnra rẹ̀, etí rẹ̀ á gún, kí aránṣọ tó so wọ́n pọ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gba òfin Bain, wọ́n sì lò ó dé góńgó. Harvard sọ ìkọ̀wé di kọ́ọ̀sì fún ọmọ ọdún kìíní ní 1885, àwọn òǹkọ̀wé bíi Barrett Wendell, àti Scott òun Denney, sì kọ ìwé tó fi ìpínrọ̀ ṣe òpómúléró. Láti ibẹ̀ ló ti ràn ká gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń ka èyí láti Houston àti Baltimore, tí àwọn ọmọ yín ń wá ilé béèrè nípa topic sentence, ibi tó ti wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Kí Bain tó to òfin rẹ̀, ọmọ Yorùbá kan ti ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara. Ẹ mọ Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fojú kan ábídí. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Nígbà tó di oṣù kejì 1837, ó kọ lẹ́tà kan sí akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS, ó sọ bí wọ́n ṣe kó òun lẹ́rú. Wọ́n tẹ lẹ́tà náà ní 1842, pọ̀ mọ́ ìwé ìrìn àjò òun àti Schön lórí Odò Ọya.

Ẹ wo ohun tó ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni, ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì máa sọ débì kan tí ohùn á há. Síbẹ̀ Àjàyí tò ó. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ogun wọlé wà níbi tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ya òun àti ìyá rẹ̀ nípá wà níbi tirẹ̀. Ọwọ́ tó bọ́ sí, ẹ̀rù tó bà á nígbà tó rí omi òkun, ọkọ̀ tó gbà wọ́n, ohun kan á parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó tó ń kà á ní Lọ́ńdọ́nù, tí kò mọ Òṣogùn yàtọ̀ sí Ìsẹ́yìn, lè fọkàn bá a rìn láti ìlú dé ìlú. Lẹ́tà yẹn ṣáájú ìwé Bain ní ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti dúdú, ẹ bi í léèrè Àjàyí.

Ẹnì kejì ni Samuel Johnson, orí èyí ni mo sì fẹ́ dúró lé díẹ̀. Sàró ni wọ́n bí òun náà sí ní 1846. Ìdílé rẹ̀ padà wálé, wọ́n dó sí Ìbàdàn. Ó kàwé ní Abẹ́òkúta, ó ṣe tíṣà ní Ìbàdàn, ó wà lára àwọn tó ń sáré kiri láti parí ogun Kírìjì, ó sì di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ní 1897 ó parí ìwé ìtàn Yorùbá tó ń kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó dùn ún tó fi kọ ọ́ ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa ìgbà náà mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì lórí, wọn ò sì mọ ti ilé bàbá wọn.

Ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ arọ́kin rí mọ̀ pé kì í dúró mí. Oríkì á wọ inú ìtàn, ìtàn á wọ inú orin. Johnson kò sọ pé èyí kò dára. Ó gbọ́ ọ, ó sì wá pín in. Apá méjì ni ìwé rẹ̀: èkíní lórí ilẹ̀, èèyàn, èdè àti àṣà, èkejì lórí àwọn ọba àti ogun. Ó tún pín apá kejì sí sáà mẹ́rin, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọba àkọ́kọ́ títí dé ìgbà tí Òyìnbó gba ìjọba. Lábẹ́ sáà kọ̀ọ̀kan, orí ọ̀rọ̀. Lábẹ́ orí ọ̀rọ̀, àmì § tó ń fi ibi tí nǹkan ti yí padà hàn. Tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ Gáà, ẹ ò ní láti ka gbogbo rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó rí i.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901, kò fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó jẹ́ dókítà ní Èkó, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ. Ní oṣù kìíní 1916 ó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, ó di inú èbúté kan ní Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì tí wọn ò fi gbúròó ìwé yẹn rárá, kó tó dé ọwọ́ atẹ̀wé. Ọdún 1921 ló jáde. Obadiah náà ti kú ní 1920. Ọkùnrin méjì ọmọ ìyá kan, ìwé kan, kò sí ẹni tó rí i nínú wọn.

Èrò tèmi ni pé bí àkọsílẹ̀ tí Samuel fi sílẹ̀ bá rí bí orí kìíní ọmọ wa yìí, dókítà kì bá tí mọ ibi tí yóò ti mú un. Nǹkan tí a bá ti pín ní ìpín ni ẹlòmíì lè bá wa tò padà bó bá fọ́.

Kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é o. Akínyẹlé tó padà di Olúbàdàn kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní Yorùbá ní 1911, ó sì kà létí. Ṣùgbọ́n èdè tí ìjọba ń kà ni Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ìlú wa gan-an.

Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba àwọn Òyìnbó ní kí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ ìròyìn lórí ìlú àti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ta ló tẹ ibẹ̀ dó? Ta ló ń dé adé, ta ni kò gbọdọ̀ dé e? Ta ló wà lábẹ́ ta? Intelligence Report ni wọ́n ń pè é. Ìpínrọ̀ onínọ́ńbà ni wọ́n fi kọ ọ́, 1, 2, 3, títí dé òpin. Ìwé wọ̀nyẹn wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn dòní, àwọn lọ́yà ò sì yé lọ ṣí wọn. Tí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ààlà ilẹ̀ bá dé iwájú ìgbìmọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé, "gẹ́gẹ́ bí ìpínrọ̀ báyìí báyìí ti wí." Àwọn bàbá wa fi ẹnu sọ ìtàn fún ajẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ìlú kejì ní akọ̀wé kan tó ti kọ tiwọn sílẹ̀ ṣókí. Ìpínrọ̀ méjì péré ni wọ́n fi ta wá lọ́rẹ nínú ìròyìn yẹn, wọ́n fún wọn ní mọ́kànlá. Mo ti fojú ara mi rí i. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Bó ṣe rí nílé ẹjọ́ náà nìyẹn. Òfin Ẹ̀rí ilẹ̀ wa ti 2011 sọ pé ìwé ìbúra tí èèyàn bá mú wá gbọ́dọ̀ wà ní ìpínrọ̀ onínọ́ńbà. Kí ló dé? Kí ẹnì kejì lè sọ pé òun gba ìpínrọ̀ 4, òun kọ ìpínrọ̀ 5. Ọ̀rọ̀ tí a kò pín, èèyàn ò lè gba apá kan kó kọ apá kan.

Yunifásítì Ìbàdàn ló wá gbé e dé ibi gíga. Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lábẹ́ yunifásítì Lọ́ńdọ́nù, ìlànà Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n sì fi ń ṣèdánwò. Dike gbé ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹ̀bá òkun Niger Delta jáde ní 1956. Bíòbákú gbé tirẹ̀ lórí Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn jáde ní 1957. Adé Àjàyí tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé lórí àwọn míṣọ́nnárì ní 1965. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ṣì ń sọ pé Áfíríkà kò ní ìtàn ṣáájú kí Òyìnbó tó dé. Àwọn bàbá yìí ò pariwo lé wọn lórí. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn, wọ́n mú ẹ̀rí wá, látinú ìwé ìjọba àti látẹnu àwọn àgbà, wọ́n ṣàlàyé bí ẹ̀rí ṣe gbe ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n bọ́ sí òmíràn. Ìpínrọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, títí ẹnu fi wọ́hò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi àti ọmọ wa ṣe tún apá kan ṣe, torí àlàyé láìsí àpẹẹrẹ, òfìfo ni. Ọ̀rọ̀ ọjà la mú. Mo bi í pé, "Nínú gbogbo ohun tó o kọ lórí ọjà, kí lo gbà pé ó ṣẹlẹ̀?" Ó ní gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ìjà àwọn ìjòyè méjì ló gbé ọjà kúrò níwájú ààfin. Mo ní, "Ìwọ ń kọ́?" Ó ní òun rò pé títì ni. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó sì jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa lè gbọ́, òun fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tirẹ̀:

"Títì mọ́tò ló gbé ọjà ìlú yìí kúrò níwájú ààfin, kì í ṣe ìjà àwọn ìjòyè. Nígbà tí wọ́n la títì, ọkọ̀ akẹ́rù ò lè gba ojú ọ̀nà tóóró tó wọ ààfin, nítorí náà àwọn tó ń ra kòkó gbé ìwọ̀n wọn sẹ́bàá títì. Àwọn tó ń ta iyọ̀ àti aṣọ tẹ̀ lé wọn, torí ibẹ̀ ni owó kòkó wà. Àwọn olóúnjẹ ò kúrò níwájú ààfin fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn èyí, bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ àṣẹ tàbí ìjà ló lé ọjà, gbogbo wọn ni ì bá lọ pọ̀. Ìjà náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọjà ti lọ kó tó bẹ̀rẹ̀."

Gbólóhùn márùn-ún péré. Èkíní sọ ohun tó gbà gbọ́. Èkejì àti ẹ̀kẹta sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló mú ẹ̀rí tó ya títì sọ́tọ̀ kúrò lára ìjà. Ẹ̀karùn-ún kò sá fún ohun tí àwọn ẹlòmíì ń sọ. Èèwọ̀ ọba kò sí níbẹ̀, ọdẹ kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ fi ọdẹ kún un, ó dùn ún púpọ̀ pé mo yọ ọ́. Mo ní ọdẹ ní ìpínrọ̀ tirẹ̀ níwájú.

Ẹ wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe gbé e sórí ìkànnì wa, ọ̀gbẹ́ni kan láti ìdílé ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè yẹn fárígá. Ó ní irọ́ ni, ìjà ló ṣáájú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ojú ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́, tó lọ́ mọ́ ọdẹ àti ogun, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, gbogbo wa la fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àwòrán àtẹ́wọ́ sí i. Ìsinsìnyí tí ọ̀rọ̀ wá yọ síta gbangba, ó ṣeé já nírọ́. Mi ò rí i bí àbùkù. Ẹni tó kọ ìpínrọ̀ tó mọ́ ti gbé ara rẹ̀ síta fún ìbéèrè, ó sì gba àyà díẹ̀, pàápàá bí ẹni tó ń bi ọ́ bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.

Àwọn kan yóò ní ṣé kí a wá pa ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa tì ni? Ó tì o. Ní 1966, ará Amẹ́ríkà kan, Robert Kaplan, ya àwòrán láti fi hàn bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń to èrò. Ó fa ìlà gbọọrọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ya òkòtó fún àwọn ará Éṣíà, ó ya wọ́gọwọ̀gọ fún àwọn yòókù. Àwọn èèyàn bá a jà, òun náà sì gbà ní 1987 pé òun ti sọ ọ́ le jù. Ní 1974, Richard Braddock ka àwọn àròkọ inú ìwé ìròyìn ńláńlá Amẹ́ríkà, ó wo iye ìpínrọ̀ tó fi kókó bẹ̀rẹ̀. Ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún péré ni! Àwọn tó ni èdè pàápàá kì í tẹ̀ lé òfin Bain bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níléèwé.

Nínú ìpàdé ìlú wa, àgbà kì í fi kókó síwájú. Á kí ilé, á kí ọ̀nà, á pa òwe, á sọ ìtàn, kókó á sì bọ́ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ní ìdí. Ẹni tí kókó náà máa dùn ti ráyè múra sílẹ̀. Ìwé tí àjèjì máa kà ní òru, níbi tí kò ti sí ojú ẹni tó kọ ọ́, ni kò fàyè gba irú ìkíni bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ló yàtọ̀, ọgbọ́n ò kéré nínú èyíkéyìí. Ohun tí mo bá ọmọ wa sọ ni pé kó mọ méjèèjì, kó má fi ti ààfin dáhùn ìdánwò, kó má sì fi ti ìdánwò bá Kábíyèsí sọ̀rọ̀.

Ó ti tún orí kìíní náà fi sílẹ̀. Olùkọ́ dá a padà lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú bírò pupa kan náà. Kò béèrè kókó mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ ọjà ló kọ ọ́ sí: ta ló sọ fún ọ pé àwọn olóúnjẹ ò kúrò?

Ìyá àgbà kan ló sọ fún un, lórí fóònù, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyẹn ò tó. Ọmọ náà ń bọ̀ wálé nígbà ọlidé, á gba ohùn àwọn ìyá tó ta ọjà níwájú ààfin sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí tó ṣì wà láàyè nínú wọn, tàbí tó ní ìwé owó ọjà, tàbí fọ́tò ìgbà náà nínú àpótí ìyá rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ kí oṣù tó parí. Kí àwọn tó ní ìjà ló ṣáájú náà mú tiwọn wá o.